Páálí táìlì mélòó ló máa tó pálọ̀ onígun yìí?
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí o. Ilé tí mò ń kọ́ n'Ílẹ̀ṣà níbí ti kan táìlì. Pálọ̀ náà gùn ní mítà 6, ó fẹ̀ ní mítà 5, àmọ́ ilé ìdáná gé igun kan jẹ: mítà 2 nínú gígùn, 3 nínú ìbú. Oníṣẹ́ ní 6 lọ́nà 5 ni, mítà onígun mẹ́rin 30. Ọmọ mi ní ká pín in sí méjì: 6 lọ́nà 2, àti 4 lọ́nà 3, àpapọ̀ 24. Mo yọ 6 kúrò nínú 30, 24 náà ni (ọmọ ọ̀hún ti ń yan!). Páálí kan, táìlì mẹ́rin oní-60 sí 60 sẹ̀ǹtímítà, ń bo mítà onígun mẹ́rin 1.44. Tí mo bá fi 1.44 pín 24, ó lé díẹ̀ ní 16. Ṣé páálí 17 tó, àbí oníṣẹ́ ti ka èyí tó máa fọ́ mọ́ 30 tó pè? Mélòó lẹ máa ń fi lé e?