Ẹ jẹ́ kí àrokò máa jẹ́ àrokò

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. "Ìmọ̀lára-àmì" tí ọ̀gbẹ́ni wa láti Sùúrùlérè ṣẹ̀dá lánàá kò bá mi lára mu rárá. Ó ní kí a máa fi pe ohun tí àpáta àti igi inú àwòrán dúró fún, kí a sì tún fi pe bí gbogbo àwòrán náà ṣe rí lójú ẹni. Nǹkan méjì ló dì sínú ẹrù kan.

Àwòrán tó fi ṣe àpẹẹrẹ ni ti Caspar David Friedrich, ará Jámánì, tó gbé jáde ní 1808: àgbélébùú lórí àpáta, igi firi yí i ká, oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn òkè. Nígbà tí Ramdohr, lámèyítọ́ iṣẹ́ ọnà kan, bẹnu àtẹ́ lù ú pé kí ni àwòrán òkè àti igi ń wá lórí pẹpẹ ìjọsìn, Friedrich fúnra rẹ̀ ṣàlàyé: àpáta ni ìgbàgbọ́ tí kì í yẹ̀, igi firi tí kì í wọ́wé ni ìrètí. Ẹni tó ránṣẹ́ ló sọ ohun tó fi ránṣẹ́. Kí làwọn baba wa ń pè é bí kò ṣe àrokò? Owó ẹyọ mẹ́fà dé ọ̀dọ̀ rẹ, ẹ̀fà ni: ọkàn ẹnìkan ń fà sí ọ. Mẹ́jọ dé, ọ̀rọ̀ yín ti jọ. Méjì tí wọ́n so kẹ̀yìn síra dé, ìjà ni. "Fà" àti "jọ" ló gbé iṣẹ́ náà dé. Ta ló ń mọ nǹkan lára níbẹ̀?

Ọ̀run tó pọ́n lẹ́yìn òkè yẹn ńkọ́? Ìyẹn ni bí àwòrán ṣe rí lójú ẹni, "ojú" ló sì yẹ kí a máa pè é. Ojú ọjọ́ ṣú, ojú ọ̀run mọ́, ẹnikẹ́ni kì í ṣì í gbọ́. Ẹ dúró sí Ẹ̀búté Mẹ́ta nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ọyẹ́, kí ẹ wo ọ̀sà. Èéfín àwọn tó ń yan ẹja ní Mákòókò á ti bò ó, omi àti ọ̀run á ti ní àwọ̀ eérú kan náà. Ará Èkó á ní, "Ọ̀sà fajú ro lónìí." Kò ní sọ pé ọ̀sà mọ nǹkan lára. "Lára" yẹn ló bí mi nínú jù! Ara ẹni tó ń wòran ni, àwòrán ò ní ara tó fi ń mọ nǹkan.

Ó ní òun gboyè nínú ìmọ̀ èdè. Ó dára. Àwọn ìyá tó tọ́ wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ò gboyè, síbẹ̀ wọ́n mọ ọjọ́ tí ojú ọ̀sà kò dára, wọn kì í jẹ́ ká wọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó sì tún ku ọ̀kan. Ó pe ọ̀sà ní òkun nínú ìwé rẹ̀. Olókun ló ni òkun, Ọlọ́sà ló ni ọ̀sà. Kó fèsì sí ìyẹn ná, kó tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mìíràn.