Ṣé gbòǹgbò ni iṣu, àbí igi?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin olùkọ́ àti àgbẹ̀, ẹ gbà mí o. Ọmọ mi ń kọ́ nípa ẹ̀yà ara ewéko. Gbòǹgbò ń fa omi, igi ń gbé e lọ sókè, ewé ń fi oòrùn se oúnjẹ: ìyẹn yé mi. Iṣu ló dá ìjà sílẹ̀. Mo ní gbòǹgbò ni, bíi ti ẹ̀gẹ́. Ó ní igi tó wú sábẹ́ ilẹ̀ ni. Lóòótọ́, èébù iṣu máa ń hù, àmọ́ ní ti ẹ̀gẹ́, igi rẹ̀ la ń gbìn. Ọ̀dùnkún wá ńkọ́? Wọ́n ní gbòǹgbò ni, síbẹ̀ ó ti hù nínú agbọ̀n mi! Kí gan-an la fi ń dá wọn mọ̀? Ọ̀la ni yóò gbé ìwé rẹ̀ fún tíṣà.