Ṣé láínà tó ti jẹ ló ń mú kí písítìnì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi gbóná jù?

Akọ́ṣẹ́ Àpápá:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú tọ́ọ̀gì (ọkọ̀ ojú omi kékeré tó ń fa ọkọ̀ ńlá) tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì onísílíńdà mẹ́fà kan wà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí a tú u, a rí i pé orí písítìnì kẹrin ti jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ríìngì rẹ̀ (òrùka irin tó yí písítìnì ká) tó wà lókè pátápátá sì ti há, bẹ́ẹ̀ omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì náà kò gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀gá wa ní láínà (irin roboto inú sílíńdà tí písítìnì ń lọ sókè-sódò nínú rẹ̀) tó ti jẹ ló fà á. Kò yé mi bí àlàfo àárín písítìnì àti láínà tó fẹ̀ sí i ṣe lè dá kún ooru.

Bàbá Kráǹkì:
Àbúrò, òótọ́ wà nínú ohun tí ọ̀gá yín sọ. Ọ̀nà méjì ni ooru ń gbà kúrò lórí písítìnì: apá kan ń gba ara ríìngì bọ́ sára láínà, kó tó dé inú omi; ọ́ìlì tí wọ́n ń fín sí abẹ́ písítìnì ló ń gbé apá kejì lọ. Bí ríìngì tàbí láínà bá ti jẹ débi pé wọn kò fara kan ara wọn dáadáa mọ́, ọ̀nà àkọ́kọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Gáàsì gbígbóná ló sì ń gba inú àlàfo náà sọ̀ kalẹ̀, tó ń jó ọ́ìlì tó bo ara láínà dànù, títí ọ́ìlì tó wà nínú ihò ríìngì yóò fi gbẹ di èédú tí ríìngì yóò sì há. Yàtọ̀ sí èyí, ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ inú sílíńdà náà á dínkù, epo á pẹ́ kó tó gbiná, èéfín rẹ̀ á sì gbóná ju ti àwọn yòókù lọ.

Onínọ́súlù:
Mo gba àlàyé Bàbá, àmọ́ n kò ní fi láínà ṣáájú. Písítìnì kan ṣoṣo ló jóná, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo sì ni. Bí pọ́ńpù ọ́ìlì tàbí bẹ́rìnì bá ti gbó, agbára ọ́ìlì á dínkù fún gbogbo sílíńdà. Nọ́súlù, ìyẹn ẹnu tó ń fín epo sínú sílíńdà, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: tí ojú ihò rẹ̀ bá ti fẹ̀, tàbí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò pa mọ́ra dáadáa mọ́, epo kò ní tú ká bíi kùrukùru, yóò máa kán, yóò sì lọ jó lórí písítìnì gan-an. Alumíníọ̀mù ń yọ́ ní nǹkan bí 660°C, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti ń dínkù tipẹ́tipẹ́ kó tó dé ibẹ̀. Epo tí kò jó tán náà ń fọ ọ́ìlì kúrò lára láínà, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí láínà tí ẹ rí pé ó jẹ yẹn jẹ́ àbájáde dípò kó jẹ́ okùnfà.

Akọ́ṣẹ́ Àpápá:
A ti wọn láínà náà lókè, níbi tí ríìngì ti ń yí padà. Ó jẹ ju àwọn yòókù lọ díẹ̀, kò sì tíì kọjá ààlà tí ìwé ẹ́ńjìnnì fi lélẹ̀. A kò tíì dán nọ́súlù wò.

Onínọ́súlù:
Ẹ dán an wò kí ẹ tó ra láínà. Ẹ yẹ ẹnu páìpù kékeré tó ń fín ọ́ìlì sí abẹ́ písítìnì kẹrin yẹn wò pẹ̀lú. Tó bá dí tàbí tó yẹ̀ lójú ibi tó ń fín sí, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ọ́ìlì kò ní sọ nǹkan kan.

Bàbá Kráǹkì:
Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé kò ju písítìnì kan lọ. Lọ́dún 1947, nígbà tí wọ́n ń dán ọkọ̀ Reina del Pacifico wò nítòsí Belfast lẹ́yìn àtúnṣe, písítìnì kan tó gbóná jù ló tan iná sí kùrukùru ọ́ìlì inú àpótí kráǹkì (àpótí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí ọ̀pá kráǹkì ń yí nínú rẹ̀). Ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló bú gbàmù, ènìyàn 28 sì kú. Bí ẹ bá fura pé písítìnì ti ń gbóná jù, ẹ dín eré ẹ́ńjìnnì kù, ẹ pa á nígbà tí ọkọ̀ bá wà níbi tí kò léwu, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí ilẹ̀kùn àpótí kráǹkì títí yóò fi tutù, torí afẹ́fẹ́ tuntun tó bá wọlé ló ń mú kùrukùru náà bú gbàmù.