Mo bá ọtí inú ọ̀rá lápò ṣòkòtò ọmọ mi, ọmọ ọdún 11

Ìyá Àwáwù, Ìlọrin: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin òbí. Mo ń fọṣọ ní Sátidé ni mo bá rí ọ̀rá ọtí tí wọ́n ti feyín ya ẹnu ẹ̀ lápò ṣòkòtò iléèwé ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ tó ń lọ ilé kéwú ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó ń mutí nílé wa rárá. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ló fún òun, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò tíì sọ fún bàbá ẹ̀ torí mo mọ̀ wípé ẹgba ló máa fà yọ. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀ffà: Ẹ pẹ̀lẹ́ màámi. Ẹ má nà án o, tẹ́ ẹ bá nà án kó tó jẹ́wọ́, ibi tó máa fi tòní pa mọ́ sí lẹ́ ò ní rí mọ́. Ẹ jókòó tì í, ẹ bi í pé ta ló wà níbẹ̀, kí ni wọ́n sọ nígbà tó kọ̀. Ọtí yẹn le gan-an, bíà sábà máa ń wà ní bíi 5%, ti inú ọ̀rá a máa tó 40% nígbà míì, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé lè já wálẹ̀ kó sì dákú. American Academy of Pediatrics, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé l'Amẹ́ríkà, sọ ní 2015 pé láàrin ọdún 9 sí 13 làwọn ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ọtí dáa, torí náà ọ̀rọ̀ yìí ò yá jù fún un rárá.

Bàbá Ìbejì, Òmù-Àrán: Àwa ń mu ún nílé tiwa, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n mi ò rán ọmọ lọ ra ọtí mọ́. Àwa àgbà la ń kọ́ wọn, tí ìnáwó bá wà ọmọ la máa ní kó lọ gbé e wá nínú kúlà, ó máa lọ fa ìyókù ìdí ife mu lẹ́yìn kánópì, a ó máa rẹ́rìn-ín pé ọkùnrin ni. Bí àbúrò mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lónìí kò lè jí kó má wá paraga kiri.

Alhaja Tánkẹ̀: Ẹni tó tà á ńkọ́? Láti January 2022 ni NAFDAC ti ní àwọn ò forúkọ ọtí ọ̀rá tuntun sílẹ̀ mọ́, síbẹ̀ owó ońjẹ ọmọ ń rà á. Èmi àti ìyá méjì jọ lọ sí ìsọ̀ kan ládùúgbò wa, a ò bá a jà, a kàn bẹ̀ ẹ́ ni, ìyá yẹn ní òun rò pé bàbá wọn ló ń rán wọn ni!

Ìyá Àwáwù, Ìlọrin: Ẹ ṣé o. Mo bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun ìṣáì. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń gun ọ̀kadà ló ń fún wọn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni, ó ní ó ń ta òun lọ́nà ọ̀fun ṣùgbọ́n wọ́n ń pe òun ní ọmọ màmá ẹ̀. Ó sunkún, èmi náà sunkún. Láàárọ̀ ọ̀la mò ń lọ bá ìyá ọ̀rẹ́ ẹ̀ yẹn. Bàbá ẹ̀ ló kù.

Bàbá Ìbejì, Òmù-Àrán: Ẹ jẹ́ kó jẹun tán ná. Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé ọmọ fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́, kẹ́ ẹ tó dárúkọ ọtí.