Ẹ̀yin tó ń yẹ kóòdù page table wò (àwọn table ìpele-ìpele tí CPU fi ń mọ ibi tí ojú-ewé mẹ́mọ́rì kọ̀ọ̀kan wà àti ohun tí a lè fi í ṣe), kí lojú yín ti rí?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tèmi, kí ẹ lè rí mi fi rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wọn yẹ kóòdù kernel Linux (ọkàn ètò Linux) wò, x86, irú CPU ti Intel àti AMD, nìkan ni mo mọ̀. Lórí x86, bíìtì onínọ́ńbà 1 nínú page table ló ń sọ bóyá a lè kọ nǹkan sí ojú-ewé mẹ́mọ́rì kan: tó bá jẹ́ 1, kọ ọ́, tó bá jẹ́ 0, kàá nìkan. Ó ti mọ́ mi lára. Àfi bí àtúnṣe kan ṣe dé fún arm64, irú CPU ti ARM. Ẹni tó kọ ọ́ kò fẹ́ kí wọ́n lè kọ nǹkan sí ojú-ewé kan mọ́, síbẹ̀ ńṣe ló sọ bíìtì onínọ́ńbà 7, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn níbẹ̀, di 1. Mo fọwọ́ sọ̀yà, mo ní ó ti dojú ọ̀rọ̀ délẹ̀. Kò bú mi o. Ó kàn ní kí n lọ ka ìwé àlàyé ARM. Lórí arm64, “má kọ ọ́” ni 1 túmọ̀ sí níbẹ̀! Èmi gan-an ni mo dorí kodò.

*

Ẹ̀gbọ́n, tiyín ṣì dáa, ìtìjú lásán ni. RISC-V, irú CPU mìíràn, ni tèmi. Ẹnì kan fẹ́ ti ojú-ewé kan pa pátápátá, ló bá sọ bíìtì R (kíkà), W (kíkọ) àti X (mímú kóòdù ibẹ̀ ṣiṣẹ́) di 0, ó fi V (bíìtì tó ń sọ pé ohun tó wà níbẹ̀ wúlò) sílẹ̀ ní 1. Ó dán an wò: ètò tó bá fọwọ́ kàn án, page fault (CPU á kọ̀ fún un). Ó ku díẹ̀ kí n fún un ní Reviewed-by (àmì pé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì dáa) ni mo rántí ojú-ewé ńlá, àwọn 2MB yẹn.

Lórí RISC-V, bí V bá jẹ́ 1 tí mẹ́ta yòókù jẹ́ 0, ohun tí CPU gbọ́ ni pé table mìíràn wà nísàlẹ̀, kó máa lọ. Ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá ni ti ojú-ewé kékeré, 4KB, tó fi dán an wò wà, kò síbi tó tún lè lọ, ló fi já sí page fault. Ti 2MB, tó wà lókè ìyẹn, ńkọ́? CPU á wọ inú rẹ̀ lọ, á máa ka dátà ẹni ẹlẹ́ni bíi table. Ẹni tó bá ti kọ nǹkan tó wù ú síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mẹ́mọ́rì ti di tirẹ̀ nìyẹn.

Mo ní kó dán ti 2MB wò. Ọjọ́ méjì, kò fèsì. Nígbà tó máa dé, ọ̀rọ̀ kan ló kọ: “Yéè!”