Wákàtí pé lórí ìwé, iṣẹ́ ò tán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Yábàá ni ọ́fíìsì wa wà. Ọmọ márùn-ún ló wà lábẹ́ mi, a ń bá oníbàárà kan ní Marina ṣe áàpù, wákàtí ló sì fi ń sanwó. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, àwọn ọmọ á kọ wákàtí wọn sínú Excel: 8, 8, 8, 8, 8. Ọjọ́ tí wọn ò fún wa níná láti àárọ̀ dọ̀sán, 8. Ọjọ́ tí gosíló há wọn mọ́ Third Mainland títí aago mọ́kànlá, 8 náà ni. Bí mo bá béèrè ibi tí iṣẹ́ dé, wọ́n á ní, "Àǹtí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán." Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tó ti ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tán! Lánàá oníbàárà ní òun ti sanwó wákàtí 600, kí n fi ohun tó wà nílẹ̀ han òun. Mi ò rí nǹkan kan sọ. Mi ò sì fẹ́ di ọlọ́pàá lé àwọn ọmọ lórí. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Súrùlérè: Àǹtí, ẹ má bínú o, ẹ̀yin lẹ fa 8 yẹn. Ẹni tó bá kọ 5, ṣé ẹ ò ní pè é wá ṣàlàyé? Ta ló sì máa rántí Mọ́ńdè lọ́jọ́ Jímọ̀? Kí wọ́n máa kọ ọ́ lójoojúmọ́ kí wọ́n tó pa kọ̀ǹpútà. Ẹ ya àyè sọ́tọ̀ fún "kò síná". Oníbàárà ò ní sanwó ìyẹn, àmọ́ ọ̀gá yín á mọ ohun tí àìsíná ń jẹ.

Ìyá Ìbejì: Èmi ò mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, aránṣọ ni mí ní Ẹbúté Mẹ́tà. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ní bùbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, màá ní kó gbé e wá. Ọrùn ò sí, apá kan ṣì wà lórí tábìlì. Kò tíì tán nìyẹn! Kò sí "fẹ́rẹ̀ẹ́" ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Alábòójútó Ìkẹjà: Ìyá Ìbejì ti sọ ọ́ tán. Ẹ gé iṣẹ́ náà wẹ́wẹ́, kí èyíkéyìí má ju ọjọ́ méjì lọ. Èyí tí ẹ bá fojú rí pé ó ń ṣiṣẹ́ nìkan ni kí ẹ kà. Ẹ yé bi wọ́n ní wákàtí tí wọ́n ti lò, èyí tó kù ni kí ẹ máa béèrè. Bí 10 bá kù ní Túsìdeè, tó tún jẹ́ 10 ní Tọ́sìdeè, nǹkan ti há sí ibì kan.

Ẹni tó béèrè: Mo dán an wò láàárọ̀ yìí. Mo bi "ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán" pé wákàtí mélòó ló kù. Ó wo àjà, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Àǹtí, bíi 30." Mo ti ń múra Marina báyìí.