Ìgbìmọ̀ mẹ́ta, orúkọ kan? Mi ò gbà o

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làákàyè. Àbá yín àná pé tá a bá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ EU (European Union, Ìṣọ̀kan Yúróòpù) sí Yorùbá, níbikíbi tá a bá ti rí council ká ṣáà máa kọ Ìgbìmọ̀ Yúróòpù, ó dùn létí, àmọ́ ó máa kó wa sí wàhálà. Council mẹ́ta ló wà ní Yúróòpù, àwọn òyìnbó gan-an máa ń ṣì wọ́n pè. Council of Europe ti wà láti 1949, orílẹ̀-èdè 46 ló wà nínú ẹ̀, kò sí lábẹ́ EU rárá, òun ló ni kóòtù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tó wà ní Strasbourg, nílẹ̀ Faransé. European Council ni tàwọn ààrẹ àtàwọn olórí ìjọba orílẹ̀-èdè EU. Council of the EU wá ni tàwọn mínísítà, tọ́rọ̀ bá kan iṣẹ́ àgbẹ̀, mínísítà àgbẹ̀ orílẹ̀-èdè 27 ló máa lọ jókòó, tó bá di ti owó, àwọn ti ìṣúná ló kàn, àwọn àti ilé aṣòfin EU ló sì jọ ń ṣòfin.

Ìlú Ọba kúrò ní EU ní January 2020, wọ́n ṣì wà nínú Council of Europe dòní. Tẹ́ ẹ bá wá kọ ọ́ pé "Ìlú Ọba wà nínú Ìgbìmọ̀ Yúróòpù", àbúrò mi tó wà ní Peckham, ní London, á ní ṣé wọ́n ti padà wọlé ni. Àsíá oníràwọ̀ 12 yẹn ò tiẹ̀ ràn wá lọ́wọ́, ọ̀kan náà ni EU àti Council of Europe ń ta.

Tèmi ni pé ká wo ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ ká fi sọ ọ́ lórúkọ: Ìgbìmọ̀ Àwọn Olórí EU, Ìgbìmọ̀ Àwọn Mínísítà EU, ká pe ti Strasbourg ní Àjọ Ilẹ̀ Yúróòpù. (Ẹ má yọ EU yẹn kúrò o, Àjọ náà ní ìgbìmọ̀ mínísítà tiẹ̀.)

Ìṣọ̀kan fún union, ó ti wọ̀lú, mi ò bá a jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èédú àti irin ni orílẹ̀-èdè 6 kọ́kọ́ fi sábẹ́ àkóso kan ní 1951, níbi tí EU ti bẹ̀rẹ̀, kí Faransé àti Jámánì má bàa tún gbéjà ko ara wọn, ìfura ló bí i, kì í ṣe ọkàn kan. Àmọ́ "ọjà kan ṣoṣo" fún single market, ìyẹn báwọn orílẹ̀-èdè EU ṣe ń bá ara wọn ṣòwò láìsí ìdènà ibodè, rárá, ó dà bí ẹni pé ọjà mìíràn ò sí nílùú. Ọjà àjùmọ̀ná ńkọ́?

Commission, àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ EU lójoojúmọ́, ló kù, kọmíṣọ̀n ni mo ṣì ń kọ.